Ṣé Owó Ìdí Ìró Lè Sọ Ìgbà Tí Ọjà Máa Gbéra?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Marietta níbí. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ẹ̀gbọ́n mi kan kó owó 401(k) wọn kúrò nínú ọjà ìpín ìdókòòwò. Wọ́n ní ó di ìgbà tí owó ọwọ́ àwọn mutual fund bá tó 10 nínú 100 káwọn tó padà.

Inú ìwé Norman Fosback, Stock Market Logic (1976), ni wọ́n ti rí i. Mutual fund dà bí àpò àjọ: gbogbo wa dáwó, ọ̀gá kan ń bá wa rà, ó ń bá wa tà. Bí ẹ̀rù bá bà á, á so owó mọ́ ìdí ìró bí alárobọ̀ tó ń retí kí owó iṣu wálẹ̀. Tówó yẹn bá wá pọ̀ gan-an, a jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ tà ti tà tán, ó ku kí ọjà gbéra.

Ó jọ òótọ́ o. Nígbà tí ọjà délẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1990, owó ọwọ́ yìí lé ní 11 nínú 100. Àmọ́ ní oṣù kẹwàá 2002, kò ju nǹkan bíi 5 lọ. Ní oṣù kẹta 2009 tí S&P 500 já sí 676, nǹkan bíi 6 péré ni.

Fosback fúnra rẹ̀ ti rí ohun kan tó ń fà á: èlé. Nígbà tí èlé ga, owó tó jókòó ń bímọ. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló ń jẹ́ kí wọ́n dì í mú. Torí ẹ̀ ló ṣe ní ká yọ èlé kúrò nínú ìṣirò. Àwọn tó ń tọ́ka sí i kì í sábà ka ibẹ̀! Nígbà tó di ìparí 2008, èlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Àwọn index fund tó wá pọ̀ lẹ́yìn náà kì í sì í tọ́jú owó ọwọ́ rárá, tàbí díẹ̀ báyìí.

Èyí tí mi ò gbà jù rèé: bí ọ̀gá fund bá ra ìpín, ta ló gbowó? Ẹni tó tà á ni. Owó kàn kúrò lápò kan bọ́ sí òmíràn.

Wọ́n á ní 2022 ńkọ́? Lóòótọ́, nínú ìwádìí Bank of America, owó ọwọ́ àwọn ọ̀gá fund tó 6.3 ní oṣù kẹwàá, ọjà sì délẹ̀ lóṣù yẹn gan-an. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ mọ́ látìgbà oṣù kẹrin 2001. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ti 2001 yẹn, ọdún kan ààbọ̀ ni ọjà ṣì fi ń wá ìsàlẹ̀.

Oṣù kejìlá 2013 ni ẹ̀gbọ́n mi padà wọlé. S&P ti kọjá 1,700. Títí dòní, bí a bá pàdé, iye toṣù tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí.