Ẹran Tó Bo Irin Mọ́lẹ̀

Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà lóṣù kẹfà ọdún 2022, Alímọ̀ṣọ́ kò sí nínú wọn. Wọ́n fi mẹ́rin kún un lóṣù kẹsàn-án, kò sí níbẹ̀ náà. Ọ̀kadà ló ń gbé èèyàn láti Ìkòtún dé Ìgàńdò, láti Ẹ̀gbẹ́dá wọ àdúgbò tí mọ́tò kì í fẹ́ dé. Bó bá sì ṣubú, ojúgun wà lára ibi tó máa ń kọ́kọ́ fara gbá a.

Ojúgun kò lẹ́ran. Ẹ fọwọ́ pa á wò láti orúnkún sísàlẹ̀: awọ ni, eegun ló kàn. Bí dókítà bá fi irin pẹlẹbẹ àti síkúrù de eegun ibẹ̀ tó ṣẹ́, awọ tín-ín-rín yẹn nìkan ló máa bo irin. Bí awọ náà bá ti fara pa jù, ojú abẹ lè là, kí irin sì yọjú. Aláìsàn á máa wò ó bó ṣe ń dán nínú egbò, àyà á já a. Ohun tí ẹbí sì máa ń sọ ni pé kí wọ́n yára yọ ọ́.

Dókítà tó mọṣẹ́ kì í yára yọ ọ́. Ṣé irin ṣì di eegun mú ṣinṣin, àbí síkúrù ti tú? Láti ìgbà wo ló ti yọjú? Ṣé ọyún ń jáde? Eegun tó ń mì kì í jinná bọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì tẹ́ kòkòrò àrùn lọ́rùn. Nítorí náà, irin tó ṣì mú eegun dáadáa, tí kò pẹ́ níta, tí kò lọ́yún, ó ṣeé fi sílẹ̀. Èyí tó ti tú, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi irin tó ń dúró lóde ẹsẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí irin bá pẹ́ níta, kòkòrò á bo ojú rẹ̀ bí ìdọ̀tí tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ nínú ìkòkò omi, oògùn kì í sì í sábà wọ̀ ọ́.

Fífọ egbò ló tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹran tó ti kú gbọ́dọ̀ lọ. Èyí tó wà láàyè á pupa, á súnkì bí abẹ bá kàn án, á sì ṣẹ̀jẹ̀. Eegun pàápàá, wọ́n á máa ha á títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ tótòtó lójú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á dúró sí. Wọ́n á fi díẹ̀ lára ẹran àti eegun ibẹ̀ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n lè mọ oògùn tó ká kòkòrò náà, wọ́n á sì da omi iyọ̀ sí egbò, lítà lórí lítà.

Ó wá ku ẹran tí wọ́n máa fi bò ó. Bí irin bá wà nítòsí orúnkún, ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀, apá inú, ni wọ́n sábà ń lò. Dókítà á la awọ, á fi ìka ya ẹran náà kúrò lára èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, á gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò lára iṣan gìgísẹ̀. Òkè rẹ̀, lẹ́yìn orúnkún, kò gbọ́dọ̀ bà jẹ́, torí ibẹ̀ ni òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ gbà wọlé. Á yí i síwájú, á tì í gba abẹ́ awọ, á tẹ́ ẹ sórí irin. Bí kò bá gùn tó, á fi abẹ fín awọ funfun tó bo ẹran náà níbùú níbùú, ẹran á sì nà sí i. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí: abẹ tó bá jìn jù á ba ẹran jẹ́, èyí tí kò bá jìn tó kò ní jẹ́ kó nà. Awọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n bó lára itan ni wọ́n á fi bo gbogbo rẹ̀.

Nítòsí ọrùn ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ ti le jù. Ẹran ò sí níbẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á gbé e wá láti ẹ̀yìn tàbí itan, wọ́n á rán òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti ẹsẹ̀ lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Marko Godina, oníṣẹ́ abẹ ní Ljubljana, kọ nípa aláìsàn 532 nínú àkọsílẹ̀ tó jáde ní 1986. Nínú àwọn tí wọ́n bo egbò ìjàm̀bá wọn láàárín wákàtí 72, ìdá 1.5 nínú 100 ni kòkòrò ràn. Nínú àwọn tó kọjá ìgbà náà títí dé oṣù mẹ́ta, ó jẹ́ 17.5. Ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì ní àwọn tó ń to eegun àti àwọn tó ń tún ẹran ara ṣe pọ̀ lójú kan. Láti Ìkòtún débẹ̀, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ lè jẹ wákàtí púpọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a fi jókòó sílé ló ń pa ẹsẹ̀ jù.

Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, bí irin bá yọjú lẹ́sẹ̀ ẹni yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú ìyẹ̀fun kápúsù lé e, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á yọ nílé. Ẹ fi báńdéèjì mímọ́ bò ó, ẹ padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì béèrè dókítà tó lè fi ẹran bò ó.