Ìlú Tí Ó Tó Ìlú Ní Àgbáyé: Adó-Èkìtì Lórí Òṣùwọ̀n

Gbólóhùn kan ti di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn olóṣèlú, àwọn oníròyìn àti àwọn ayàwòrán ilé ní ilẹ̀ wa: wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ìlú báyìí-báyìí di ìlú tí ó tó ìlú ní àgbáyé. Wọ́n ti sọ ọ́ nípa Èkó, wọ́n ti sọ ọ́ nípa Àbújá; láti ìgbà tí Adó sì ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, a ń gbọ́ ọ nípa Adó pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ní etí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹgbẹ́ irú tiwa yìí ni láti gbé ọ̀rọ̀ tí ó bá dùn ní etí sórí òṣùwọ̀n, kí a lè mọ bí ó ti wúwo tó.

Bí a bá tẹ́tí sí àwọn tí ń lo gbólóhùn yìí, ohun tí a ó máa gbọ́ ni afárá tí ó gba orí títì kọjá, ilé alájà púpọ̀, iná ojú títì, òtẹ́ẹ̀lì àti pápákọ̀ òfúrufú. Ohun tí ènìyàn lè rí láti inú ọkọ̀ ni gbogbo wọn. Ojú àlejò tí ń kọjá lọ ni a fi ń wọn ìlú nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé òṣùwọ̀n náà kò pé. Kì í ṣe ohun tí àlejò rí nígbà tí ó ń kọjá lọ ni ó ń sọ ìlú di ìlú àgbáyé, bí kò ṣe ohun tí ó bá níbẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ jókòó. Ibi tí àlejò bá sì ti lè jókòó ní ìrọ̀rùn, tálákà onílé ni yóò ti kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin aba, abúlé, ìletò àti ìlú, kì í sì í ṣe gíga ilé ni wọ́n fi ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ọba, ìjòyè, ọjà, oríta àti odi ni wọ́n fi ń mọ ìlú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìtumọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní. Nígbà tí a bá wí pé ìlú jó, ilé ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá wí pé ìlú ti péjọ, tàbí pé ìlú kò gbà, kì í ṣe ilé ni ó péjọ, kì í sì í ṣe odi ni ó kọ̀, ènìyàn ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ náà, ayé. Nígbà tí àgbàlagbà bá ní kí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rù ayé, kì í ṣe òkè àti òkun ni ó ní kí ó bẹ̀rù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe ibì kan ní ìlú àgbáyé ti dárúkọ ènìyàn ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí ó bá wá jẹ́ pé kìkì irin àti sìmẹ́ńtì ni ó ní í fi hàn wá, èdè tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ ti já irọ́ rẹ̀.

Ìtàn pàápàá ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní ayé àtijọ́, kí òyìnbó tó dé etí òkun wa, àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ti ń to àpáàdì sí ojú ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà wọn, a sì tún ń rí lára rẹ̀ ní Ifẹ̀ títí di òní. Iṣẹ́ tí ó lẹ́wà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpáàdì ni ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn, ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ní Igbó Olókun ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń yọ́ gíláàsì láti inú ohun tí ilẹ̀ wọn ní, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti rí irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé Gao ní ilẹ̀ Mali. Ifẹ̀ kò kọ́ bí a ti ń fara wé Gao. Ohun tí Gao kò ní ni Ifẹ̀ ṣe, Gao sì rà á.

Ẹ wo Ìbàdàn náà. Ogun Kírìjì tí ó parí ní ọdún 1893 kò jẹ́ kí orúkọ Ìbàdàn ìgbà náà dùn ní etí ọmọ Èkìtì. Síbẹ̀ òdodo ni a gbọ́dọ̀ sọ. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829. Ohun tí ó sọ ọ́ di ńlá ni pé ó gba ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ifẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú àti ẹnikẹ́ni tí ogun lé kúrò ní ilé, kò sì wo ìdílé kí ó tó fi akíkanjú joyè. Ìgbà tí a fi máa kọ́ Ilé Kòkó parí ní ọdún 1965, Ìbàdàn ti di ìlú ńlá tipẹ́tipẹ́. Ilé gíga ni ó tẹ̀lé ènìyàn wá. Kì í ṣe ènìyàn ni ó tẹ̀lé ilé gíga. Owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ni a sì fi kọ́ ọ, àwọn àgbẹ̀ Èkìtì wà lára wọn.

Òdìkejì ọ̀rọ̀ náà wà ní Èkó. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò, àdúgbò àwọn tálákà ní etí òkun. A fojú bu àwọn tí a lé jáde sí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyíinì ni 300,000. Lónìí, ilé àwọn olówó ni ó kún orí ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ lè wí pé ó ti tó ìlú ní àgbáyé. Ṣùgbọ́n àwọn tí a lé kò parẹ́. Ibòmíràn ni wọ́n kó ẹrù wọn lọ, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti lé ìlú kúrò nínú ìlú, ilé nìkan ni ó kù.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èrò àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí a wo London, ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní àsìkò ooru ọdún 1858, òórùn Odò Thames le tó bẹ́ẹ̀ tí ara kò rọ àwọn aṣòfin nínú ilé ìgbìmọ̀ wọn. Ìlú náà ti ní ààfin, ó ti ní afárá, ó ti ní ilé ìjọsìn ńláńlá, síbẹ̀ àrùn onígbáméjì ti pa àwọn ará ibẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Joseph Bazalgette, ni a gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, òun ni ó sì la ojú ọ̀nà sí abẹ́ ilẹ̀ fún omi ẹlẹ́gbin gbogbo ìlú. Kò sí àlejò tí í dúró láti ya àwòrán iṣẹ́ náà, nítorí pé kò hàn sí ojú. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, ohun tí ó hàn sí ojú kì bá tí ní ìtumọ̀.

Nísinsìnyí, kí a gbé òṣùwọ̀n yìí dé Adó. Ẹni tí ó bá dúró ní Fájuyì yóò gbà pé ojú ìlú ti yí padà. A kọ́ afárá sí àárín ìlú ní ìgbà ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀délé Fáyóṣé láàrin 2014 sí 2018. Ilé Ìjọba titun wà lórí Òkè Ayọ̀bà, èyí tí a kọ́ ní ìgbà Dókítà Káyọ̀dé Fáyẹmí. Ìpínlẹ̀ sì ti kọ́ pápákọ̀ òfúrufú pẹ̀lú. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀kankan nínú wọn. Ìbéèrè mi ni pé, omi ńkọ́? A sé odò Èrò ní Ìkún-Èkìtì, a sì sé odò Ùrèjé ní Adó fúnra rẹ̀, kí omi ẹ̀rọ lè wọ ilé. Síbẹ̀, kànga tí olúkúlùkù gbẹ́ sí àgbàlá rẹ̀ àti omi tí a ń fi ọkọ̀ gbé tà ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Odò Ajílósun ń la àárín ìlú kọjá. Bí ilé àti pàǹtí bá dí ojú rẹ̀, omi òjò kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju inú yàrá àwọn tí ń gbé ní bèbè rẹ̀ lọ. Ibí yìí ni a ti ń wá Bazalgette tiwa.

Kí ni ìlẹ̀kẹ̀ Adó? Èmi gbà pé ẹ̀kọ́ ni. A dá Christ's School sílẹ̀ ní ọdún 1933. Ní ọdún 1982, ìjọba Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ìgbà náà dá yunifásítì tí ó di ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì lónìí sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, yunifásítì tí Olóyè Afẹ́ Babalọlá dá sílẹ̀ ní 2009 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ilé ìwòsàn oní-irínwó ibùsùn rẹ̀. Kì í ṣe afárá ni ó ń mú ọmọ ìlú òkèèrè wá sí Adó. Ìwé ni wọ́n ń wá kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá gba ìwé ẹ̀rí tán, ọ̀nà Èkó àti Àbújá ni wọ́n ń gbà lọ, àwọn ọmọ bíbí Adó sì ń bá wọn lọ. Ilé ìkàwé tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀, ilé gbígbé tí owó rẹ̀ kò ga jù, àti iṣẹ́ tí ó yẹ ọ̀mọ̀wé ni yóò mú wọn dúró.

Ọ̀rọ̀ èdè náà kò ṣe é fi sílẹ̀. Ní Paris, èdè Faransé ni a fi ń darí àlejò. Ní Cairo, èdè Lárúbáwá ni. Ní Tokyo, èdè Japan ni. Wọn a máa fi Gẹ̀ẹ́sì kún un fún àlejò, ṣùgbọ́n ti onílé ni ó ń ṣáájú. Ní Adó, èdè tí a fi ń ná ọjà ní Ọjà Ọba kì í sábà jẹ́ èdè tí a fi kọ pátákó ojú títì tàbí ìkìlọ̀ ara ògiri ilé ìwòsàn. Ìyá tí a bí sí Adó, tí ó dàgbà sí Adó, tí kò sì lè ka ìkìlọ̀ tí a kọ fún ìlera ọmọ rẹ̀, ti di àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé ìpínlẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ojú ṣe, kí àwọn olówó lè wá dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ní láárí ni, ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ṣùgbọ́n olówó tí ó wá nítorí afárá ní òní yóò bèèrè omi àti iná ní ọ̀la, yóò sì bèèrè òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ le. Bí kò bá rí wọn, orí afárá kan náà ni yóò gbà padà. Èmi kò ní kí a má kọ́lé. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni mo ní kí ó ṣáájú.

Orúkọ tí a fi ń pe oríta náà kò sì yẹ kí ó sú wa í rò. Adó ni a ti bí Adékúnlé Fájuyì ní ọdún 1926. Òun ni gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà tí Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba, wá ṣe àlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966, àwọn ológun tí ó dìtẹ̀ mú onílé àti àlejò, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ẹnu kọ̀ọ̀kan sọ ní òru ọjọ́ náà. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ yàn láti máa rántí: onílé tí kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Adó fi orúkọ rẹ̀ pe oríta tí ó ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀, ó ti sọ ohun tí ó kà sí iyì.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí a bá tún gbé àwòrán iṣẹ́ titun jáde fún ìlú yín, ẹ bèèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e wá, ẹ sì bèèrè rẹ̀ ní gbangba: ta ni yóò kó ẹrù kúrò níbẹ̀, níbo ni yóò sì kó o lọ? Ibo ni omi yóò gbà wọlé, ibo ni yóò sì gbà jáde? Èdè wo ni a ó fi kọ ọ́ sí ojú pátákó?