Ilé Ìṣeré Ìgànmú: Ojú Ni Tàbí Etí?

Bí a bá ṣí ìwé lámèyítọ́ tí àwọn olùkọ́ ń lò fún eré onítàn, a óò rí àlàyé lórí kókó ọ̀rọ̀, ìfìwàwẹ̀dá àti ìlò èdè. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nínú wọn ni àyẹ̀wò ilé tí a ti ń ṣe eré náà. Bẹ́ẹ̀, ilé ìṣeré kì í ṣe àpótí lásán tí a kó eré sí. Ó lè gbé eré ga, ó sì lè bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ yẹ Ilé Ìṣeré Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìgànmú wò, èyí tí a fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024, tí a sì tún ṣí lẹ́yìn àtúnṣe ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá, 2025.

Ilé náà kò jìnnà sí àwa ará agbègbè Ọ̀jọ́. Láti Igbó-Ẹlẹ́rin a ó gba Òkòkómáíkò àti Ìyànà Ìbà, a ó kọjá níwájú Festac, a ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 ní Mile 2. Àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí ó wáyé ní 1977 ni ó bí Festac, òun náà ni ó bí ilé ìṣeré yìí. Ìbejì ni àwọn méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni a ń kọjá lẹ́bàá ọ̀kan tí a kì í sì í rántí èkejì. Ní 1973, nígbà ìjọba Gowon, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 1976, nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, ni ó parí. Ilé-iṣẹ́ Technoexportstroy láti orílẹ̀-èdè Bulgaria ni ó kọ́ ọ, ààfin àṣà àti eré ìdárayá tí ó wà ní ìlú Varna, tí wọ́n kọ́ ní 1968, ni wọ́n sì wò ṣe é.

Ní ti ojú, ilé náà tó wò. Gíga rẹ̀ lé ní mítà 31, òrùlé rẹ̀ kò sì ṣe ṣóńṣó bí ti ilé tí a mọ̀. Ńṣe ni ó tẹ̀ bí ọrun. Kò sí ẹni tí yóò rí i lókèèrè tí kò ní béèrè ohun tí ó jẹ́. Àwọn ará Èkó ti dáhùn tipẹ́: fìlà ṣójà ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi ojú yẹpẹrẹ wo ìdáhùn yìí, nítorí àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ tí ó múná ni. Ilé ti Varna, tí a ti mú àwòṣe rẹ̀, kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ológun ilẹ̀ wa. Àwọn òǹwòran ni wọ́n dé fìlà fún un, nítorí pé lábẹ́ ìjọba ológun ni wọ́n ti ń wò ó bí ó ti ń ga sí i.

Àwọn kan a máa sọ pé àléébù ilé náà ni pé àwòṣe ilẹ̀ òkèèrè ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil dé kó ọnà ìkọ́lé wọn wọ Èkó. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, wà lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ lónìí pé kì í ṣe tiwa. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni iṣẹ́ tí a dá àwòṣe náà sílẹ̀ fún. Ààfin eré ìdárayá ni ti Varna. Níbi eré ìdárayá, bí ojú bá ti rí, ó parí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni eré Yorùbá rí?

Níbí ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Wallace Sabine, ṣe ìwádìí lórí ìró nínú gbọ̀ngàn ní Yunifásítì Harvard. Ó rí i pé bí àyè inú gbọ̀ngàn bá ti fẹ̀ tó ni ìró ṣe ń pẹ́ kí ó tó kú, àti pé aṣọ, tìmùtìmù àti ara ènìyàn a máa mu ìró bí iyanrìn ti í mu omi. Ìmọ̀ yìí ni wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn orin ìlú Boston tí wọ́n ṣí ní 1900. Orin ńlá àwọn òyìnbó fẹ́ kí ìró pẹ́ tó bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò fẹ́ ju bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, kí sílébù kan má baà gun orí èkejì.

Òyìnbó lè ya méjèèjì sọ́tọ̀: gbọ̀ngàn orin lọ́tọ̀, ilé ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Àwa kò lè yà á, nítorí ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Bí òṣèré bá fi ẹnu pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí dùndún bá pè wọ́n, kò tilẹ̀ sí kọ́ńsónáǹtì tí yóò ran etí lọ́wọ́. Gbọ̀ngàn tí ìró bá ti ń kọlu ògiri tí ó sì ń padà wá bá èyí tí ó tẹ̀lé e, ìlù ibẹ̀ a di ariwo dídùn, ìtumọ̀ a sì lọ.

Ẹnìkan lè ta kò mí pé *Ọba Kò So* ti Dúró Ládiípọ̀, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní 1963, dé Berlin ní 1964, ó sì dé London ní 1965, a sì yìn ín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yìn ín níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Bí orin ni wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Ohun tí ó bá sọnù nínú ohùn, wọn kò ní í lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó pàdánù rẹ̀. Ní àgbàlá Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo, òǹwòran mọ ohun tí ìlù wí, ó sì lè dá a lóhùn.

Ìdáhùn òǹwòran yìí ni mo kà sí pàtàkì jù. Gbọ̀ngàn ńlá Ìgànmú, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, gba 5,000 ènìyàn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn lè gbé ohùn òṣèré dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ṣùgbọ́n kò lè gbé ègbè ẹni náà padà dé orí ìtàgé. Lílé wà, ègbè kò sí. (Àwọn tí wọ́n kọ́ ọ tilẹ̀ pèsè ẹ̀rọ tí a fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ èdè tí a ó túmọ̀ dùndún sí.) Gbọ̀ngàn kékeré méjì tí a ṣe fún sinimá wà nínú ilé kan náà. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ó yẹ kí eré onítàn Yorùbá fi ṣe ilé, kí a fi gbọ̀ngàn ńlá sílẹ̀ fún ayẹyẹ, ijó àti orin. Ìtàgé gbọ̀ngàn ńlá ṣe é tú palẹ̀. Bí olùdarí kan bá sì fẹ́ lò ó dandan, kí ó tú u, kí ó mú agbo eré wá sáàárín àwọn ènìyàn.

Ìlànà kan tí ó sún mọ́ tiwa wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Gbọ̀ngàn Odùduwà níbẹ̀ ní agbo ìṣeré ìta gbangba lẹ́yìn, tí àwọn òǹwòran jókòó yí ká ní ìpele-ìpele. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ni ó ṣáájú àwọn tí ó ya àwòrán ọgbà yunifásítì náà. Àjèjì ni òun náà, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún agbo.

Mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ wo ilé Ìgànmú, mo sì ní kí wọ́n kọ àròkọ lé e lórí. Fìlà ni gbogbo wọn kọ nípa rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan tí ó mẹ́nu kan ìtàgé. Irú àìsàn kan náà ni mo ń rí nínú ìdáhùn wọn sí ìbéèrè lórí eré onítàn: wọ́n ń kà á bí ìtàn àròsọ, bí ẹni pé kò sí ẹni tí yóò dúró sọ ọ́, tí ẹlòmíràn yóò sì jókòó gbọ́ ọ. Bí olùdánwò bá béèrè bí òǹkọ̀wé ṣe lo ìlù àti orin, kò tó kí a to àpẹẹrẹ jọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ibi tí onílù dúró sí, ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí ó yẹ kí ó gbè é, àti ohun tí yóò sọnù bí ẹni yẹn kò bá gbọ́. Nígbà tí mo ní kí àwọn tèmi tún àròkọ náà kọ, ọmọbìnrin kan béèrè bóyá onílù lè jókòó sáàárín òǹwòran dípò orí ìtàgé. Gbogbo ìdajì wákàtí tí ó kù ni a fi jiyàn lé e lórí, agogo sì lù kí a tó parí rẹ̀.