Igbó Ọ̀ṣun wọ̀wé, odò ńkọ́?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀kan nínú yín bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ìtumọ̀ Àtáọ́ja gan-an. Ìbéèrè yẹn ló mú mi padà ka àkọsílẹ̀ tí UNESCO fi sọ Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo di ogún àgbáyé ní 2005. Mo kà á tán, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Ká kọ́kọ́ yin ẹni tó yẹ. Àkọsílẹ̀ náà mọ igbó yẹn dáadáa. Ó ka hẹ́kítà 75 náà mọ́ àwọn igbó mímọ́ díẹ̀ tó ṣẹ́ kù létí ìlú Yorùbá. Ó ka àwọn ojúbọ, ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà Susanne Wenger àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, kò sì gbàgbé ibi ìbọ mẹ́sàn-án tó wà létí omi. Iṣẹ́ ńlá ni.

Ibi tí mo ti ń bá a jà ni ọ̀rọ̀ ààlà. Wọ́n fa ààlà yí igbó ká, wọ́n sì fi ilẹ̀ díẹ̀ kún un láti dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n odò kì í dúró sínú ọgbà. Láti Ìgèdè ní ilẹ̀ Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń bọ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kó tó dé Òṣogbo. Èrìnlẹ̀ bá a pàdé lápá Ẹdẹ. Ìbàdàn ń mu nínú rẹ̀ láti ibi ìsédò Aṣéjìre. Ó wá gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wọ ọ̀sà Lẹ́kì. Àfonífojì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń gé máàkì ẹni tó bá yọ ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn, tó wá ń túmọ̀ rẹ̀ ní òun nìkan? Ohun tí wọ́n fi odò yìí ṣe nìyẹn.

Ẹ wá wo Àtáọ́ja. Ìtàn ní nígbà tí Láróòyè bọ odò, ẹja ńlá kan yọ jáde, ó tu omi, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. A-tẹ́wọ́-gba-ẹja ni wọ́n ní ó súnkì di Àtáọ́ja. Lójú onímọ̀ èdè, ìsúnkì yẹn pọ̀ díẹ̀, àwa náà sì mọ̀ pé ìtàn máa ń tún orúkọ rọ. Àmọ́ ohun tí ìtàn náà ń sọ ò fara sin: àdéhùn ọba àti odò ni wọ́n sọ di oyè. Ẹja ni wọ́n fi ṣàdéhùn, kì í ṣe ère.

Ẹja ọ̀hún dà báyìí? Wíwa wúrà lápá Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi di pupa rúsúrúsú. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí èèyàn má mu omi Ọ̀ṣun. Ẹ rò ó wò ná: arugbá gbé igbá, ìlù ń dún, olùjọ́sìn dé etí odò, wọ́n ní kó má mu ún! Ojúbọ tí ìwé kà ṣì wà, ère ṣì wà. Ohun tí gbogbo wọn tìtorí rẹ̀ wà ló bàjẹ́.

Ẹnìkan á ní UNESCO kọ́ ló ń wa wúrà. Òótọ́ ni, àwa fúnra wa ni. Síbẹ̀, orúkọ tí a bá fún nǹkan ló ń sọ ohun tí a máa ṣọ́. Bí ìwé bá pè é ní igbó, igbó náà la máa yan ẹ̀ṣọ́ fún.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Kò sí àpérò àṣà tí wọn kì í ti í pa òwe yìí, ọmọ tó gbàgbé ilé ni wọ́n sì máa ń fi bá wí. Lónìí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ bó ṣe wà gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ ìròyìn, ẹ bá wa sọ fún wọn pé Ìgèdè ni kí ìṣọ́ odò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kí Àtáọ́ja má lọ di oyè tí kò sí ẹja nínú rẹ̀ mọ́.