Ohun Tó Mú Orin Ṣòro Kọ́

Bí a bá fẹ́ mọ bí orin kan ti ṣòro kọ́ tó, bí ọwọ́ ṣe ń yára ni ọ̀pọ̀ wa máa ń wò. Tchinkoumè, orin ìsìnkú àwọn Mahi ní Savalou, ní orílẹ̀-èdè Benin, fi hàn pé òṣùwọ̀n yẹn kò pé. Igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí omi inú igbá ńlá ni wọ́n ń lù. Ọmọdé lè lù ú kó dún. Ṣùgbọ́n bí igbá bá fì díẹ̀, afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ á jáde, ohùn á sì yí padà. Onílù gbọ́dọ̀ máa fetí ṣọ́ ọ, kó má sì jẹ́ kí àwọn ìlù yòókù fà á kúrò nípò. Etí ló ń ṣe làálàá níbẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní duru jazz yàtọ̀, pé eré ọwọ́ ló le níbẹ̀. Ó yá gan-an lóòótọ́, orin Giant Steps tí olórin jazz John Coltrane gbà sílẹ̀ ní 1959. Síbẹ̀, ọwọ́ Tommy Flanagan, atẹ-duru rẹ̀, kò lọ́ra; àkójọ ohùn tó ń ṣí kiri lọ́nà tí etí kò tíì mọ̀ ló mú un kọsẹ̀. Ní 1982, ó padà gbé orin náà jáde fúnra rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àwọn kan tún lè ní ó rọrùn fún ọmọ Savalou nítorí inú tchinkoumè ló dàgbà sí. Ẹ̀kọ́ ọdún gbọọrọ tí ẹnikẹ́ni kò kà ni ìyẹn. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ìka, kó kọ́kọ́ wo iye ohun tí etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dì mú lẹ́ẹ̀kan náà.