Mozart Ò Parí Ẹ̀, Ṣé Ká Wá Dákẹ́ Ni?

Níbi àìsùn òkú ní Ìjàgbó níbí, ẹnìkan á dá orin, ohùn ẹ̀ á há, ẹlòmíràn á gbà á lẹ́nu ẹ̀, orin ń lọ. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé apá ta nìyí. Ìyẹn ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mo fi Requiem Mozart sétí lórí fóònù.

Ní 1791, ìyàwó ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Count Franz von Walsegg kú, ọmọ ọdún 20 péré. Ọkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí Mozart ní Vienna lábẹ́lẹ̀ pé kó kọ orin Máàsì òkú lédè Látìn. Ó fẹ́ pe orin náà ní tiẹ̀ ni. (Ẹ ò rí i pé fífi iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe tara ẹni ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.) Mozart gba àsansílẹ̀, àmọ́ ní 5 Oṣù Kejìlá, ikú mú òun náà lọ, ọmọ ọdún 35. Ti Salieri inú fíìmù Amadeus, ìtàn àròsọ ni o.

Apá àkọ́kọ́ nìkan ló parí pátápátá. Lacrimosa, orin ọjọ́ ẹkún, dúró lẹ́yìn báà mẹ́jọ (báà orin ni mò ń wí, kì í ṣe ilé ọtí). Constanze, opó ẹ̀, nílò owó tó kù, ló bá gbé iṣẹ́ náà fún Eybler. Ìyẹn ṣe díẹ̀, ó dá a padà. Süssmayr ló wá parí ẹ̀.

Wọ́n ti bú Süssmayr tipẹ́. Òótọ́ ni, Hosanna ẹ̀ kúrú bíi ti ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ Lacrimosa yẹn dáadáa. Ohùn àwọn obìnrin ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gun òkè tó ń mí hẹlẹ, ibẹ̀ gan-an ni Mozart ti gbé kálámù sílẹ̀. Mo tún un gbọ́ títí, mi ò gbọ́ ojú ibi tí wọ́n ti rán an. Robert Levin fi àjákù Amen kan tí wọ́n rí láàárín ọdún 1960 sí 1969 ṣe òpin tuntun fún un. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ ojú mi ti gbẹ kó tó parí.

Ibi tí wọ́n ti ń pe Süssmayr ní ọ̀lẹ jù ni ìparí: ó kó orin ìbẹ̀rẹ̀ Mozart padà, ó fi ọ̀rọ̀ mìíràn sí i. Constanze ní Mozart ló wí bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, kódà kó má wí bẹ́ẹ̀, ibi tó yẹ kó padà sí náà nìyẹn. Tí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń sun ìrèmọ̀jé fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn tí òun náà ti fi sin àwọn mìíràn rí.

Ní 14 Oṣù Kejìlá 1793, Walsegg darí orin náà fúnra ẹ̀ ní Wiener Neustadt, bíi pé òun ló kọ ọ́. Anna lorúkọ ìyàwó tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọrin.