Ìrù Ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ kékeré ni “put” nínú Gẹ̀ẹ́sì, àfi ìgbà tí ẹ bá fún un ní ìrù. “Put on” ni ká wọ aṣọ, “put off” ni ká sún nǹkan síwájú, “put out” ni ká pa iná, “put up with” sì ni ká fara dà á. Ọmọ iléèwé tó bá ń tú u ní ẹyọ ẹyọ á kàn gbé iná síta ni. Ilé á sì jó!

Ìdí nìyí tí mo fi ń kan sáárá sí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Freetown. Ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gba etí. Yorùbá náà kúkú ń la ọ̀rọ̀ sí méjì: a ń gba ènìyàn gbọ́, a ń tan ọmọ jẹ, a sì ń ba nǹkan jẹ́. Ta ló ń jẹ ọmọ náà? Olùkọ́ tó bá gbọ́n, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kọ “put up with” sára pátákó.